Ọjọ́ Tí Ó Yẹ Kí Mọ́tò Náà Dúró

Bàbá mi, tí n kò pè ní olùfẹ́ mi rí nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́,

Ilé ń kí yín. Òjò ń rọ̀ ní Ìtàjí láti àárọ̀, páànù ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò, mo sì gbé kòkò sábẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ àwọn adìẹ yín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìròyìn náà kò dára tán, kò sì burú tán. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ẹ lọ, adìẹ yín lé ní ogún, àwọn ọlọ́rùn híhó tí gbogbo àdúgbò fi ń ṣe yín ní yẹ̀yẹ́ pé Tíṣà ń sin igún. Ọjọ́ ìsìnkú yín, àwọn ẹbí pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún àlejò. Mo wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ igbe wọn, n kò sì jáde. Láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni ẹ ti ń ṣà wọ́n lẹ́ṣà, èyí tó bá lera ni ẹ ń dá sí. Ọ̀sán kan ṣoṣo la fi jẹ wọ́n tán. Kí n má purọ́, èmi náà jẹ níbẹ̀.

Àwọn tó kù, àṣá gbé nínú wọn, ọkọ̀ tẹ ọ̀kan lójú títì, títí ó fi ku abo méjì àti àkùkọ ńlá oníjà yẹn. Lóṣù tó kọjá ojú àkùkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó di ọjọ́ kẹta, ó kú. Mo wá gbogbo Ìtàjí ká, mo béèrè dé Ọ̀yẹ́, kò sẹ́ni tó ní àkùkọ irú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ẹyin mẹ́tàdínlógún tí àwọn abo méjèèjì ti yé sábẹ́ àga yín. Kò sí èyí tó fẹ́ sàba nínú wọn, wọ́n á yé, wọ́n á sá lọ. Mo jókòó, mo wo àwọn ẹyin náà, mo sì mọ̀ pé bí wọn kò bá pa, adìẹ Tíṣà tán láyé nìyẹn.

Mo bá gbé àpótí ìsàba yín jáde. Ojú ẹ̀ṣẹ́ yín ṣì wà lára ìlẹ̀kùn rẹ̀, níbi tí ẹ ti gbá a kó lè padé. Mo yọ àtùpà kúrò, mo fi gílóòbù sí i, ooru rẹ̀ sì ṣe déédéé. Ìyípo ẹyin ló kù. Bàbá, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, pẹ́ńsùlù létí yín, máàkì lápá kan ẹyin, òdo lápá kejì, bí ẹni ń yẹ ìwé ọmọ iléèwé wò. Ẹ kì í sùn níta. Ẹ kì í dúró gbọ́ ìwàásù tán, àlùfáà wa a sì máa sọ pé Tíṣà ń lọ bá ìjọ rẹ̀ kejì.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdí ẹyin yìí ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò wá síbi ìgboyèjáde mi ní Ìkọ̀lé. Bàbá àwọn ẹlòmíràn wá láti Kàlàbá. Ẹ̀yin wà ní Ìtàjí níbí, tí ọ̀kadà ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ wa kí omi tó hó lórí iná, ẹ ránṣẹ́ pé ẹyin ń pa lọ́wọ́. Mo dá yàtọ̀ nínú fọ́tò tí gbogbo ẹgbẹ́ mi yà pẹ̀lú òbí wọn. N kò wálé mọ́ fún oṣù méje. Ẹ ń pè mí lórí fóònù, mo ń wò ó kó dún tán. Mo rò pé mo ṣì máa bínú tẹ́rùn kí n tó dáríjì yín, àfi bíi pé àyè ìbínú kì í tán. Ẹ kò dúró dè mí. Mo kábàámọ̀ rẹ̀, Bàbá. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ ju bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ.

Ilé yín ni mo ń gbé báyìí. Mo ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkọ̀lé láàárọ̀, ní yàrá iṣẹ́-ẹ̀rọ yunifásítì tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń jó wáyà pọ̀, mo sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Ta ni ìbá máa yí ẹyin lọ́sàn-án? N kò ní ẹnì kankan. Ìyẹn ni mo fi ronú kan mọ́tò.

Mọ́tò kékeré kan wà tí à ń pè ní sáfò, kò ju páálí ìṣáná lọ. Mọ́tò lásán, tí ẹ bá ti fún un níná, yóò máa yí ṣáá ni. Sáfò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ó sọ ibi tí apá rẹ̀ máa dé, yóò lọ síbẹ̀, yóò dúró, bí ẹ bá sì fọwọ́ tì í, yóò tì yín padà. Irú ọmọ tí ẹ máa ń fẹ́ ní kíláàsì yín nìyẹn, ẹ̀rọ tó mọ àyè ara rẹ̀.

Àmọ́ èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò mọ àyè kankan. Oríṣi tí kì í mọ ibi tó wà ni wọ́n kó fún mi, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kó tẹ àwo ẹyin díẹ̀ sápá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí, ó yí àwo náà dojú bolẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọsàn ni mo fi dán an wò. Ọsàn yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yí lọ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì yíjú wẹ̀yìn láti wo bóyá ẹnìkan rí i. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìkejì mọ àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ sùúrù. Ó ń fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ẹyin kò sì lè gba irú ìyẹn. Mo ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó sún, kó dúró, kó tún sún, títí ìrìn náà fi jọ ti ọwọ́ yín. Síbẹ̀ mo tún ṣìṣe. Mo rán an lọ ré kọjá ibi tí igi àpótí lè jẹ́ kó dé. Igi dá a dúró, òun kò gbà pé òun ti dúró, ó ń tì í, ó ń kùn, ó gbóná, eyín ike inú rẹ̀ sì yọ́ dànù. Ìkẹta, eléyín irin, ni mo fi kọ́gbọ́n. Mo pààlà tirẹ̀ fún un kó tó kan ti igi, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìkùn.

Mo ṣí ìwé yín, èyí tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ adìẹ sí. Lẹ́tà gbọọrọ yín kò ṣòro kà. Ẹ kọ ọ́ pé tó bá di ọjọ́ kọkàndínlógún, kí a má yí ẹyin mọ́, kí ọmọ inú rẹ̀ lè wá ibi tí yóò gbórí sí, pé ọjọ́ kejìlélógún ni yóò jáde. Mo fi mọ́kàndínlógún sínú ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ fún mọ́tò náà. Tó bá pé, kó gbé àwo náà sí ọ̀gbọọrọgba, kó sì dúró fúnra rẹ̀. Mo kó ẹyin wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkàn mi sì balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò. Mẹ́rin ṣófo, mẹ́tàlá ní iṣan pupa nínú.

Kí n sọ òtítọ́ fún yín, mo gbádùn ìró mọ́tò náà. Ní wákàtí mẹ́tamẹ́ta yóò kùn díẹ̀, yóò dákẹ́. Mo máa ń dá a lóhùn. Mo ti ń gbé inú ilé yìí pẹ́ tó láti máa dá mọ́tò lóhùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún yín lẹ́yìn tí màmá kú, tí mo wà ní Ìkọ̀lé tí n kò gbé fóònù? Ta ni ẹ ń dá lóhùn nígbà náà?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni àbúrò yín, Ìyá Ìfisìn, gbé epo wá fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ó bá àwo náà tó ń rìn, ó sì béèrè ọjọ́ mélòó ló pé. Mo wo ojú ẹ̀rọ, mo ní méjìdínlógún. Ó ṣẹ́ ìka rẹ̀, ó tún un ṣẹ́, ó wò mí.

“Ọmọ mi, ọjọ́ tí o kó wọn wọ ulé ńkọ́? Ṣé ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ ni?”

Mo fi ìka tèmi náà kà á. Ogún ni ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ kì í ka ọjọ́ àfi tó bá parí. Kò ka ìrọ̀lẹ́ tí mo kó wọn wọlé, kò sì tíì ka òní. Ẹ̀yin ń kà bí àwa ṣe ń kà: ọjọ́ tí wọ́n bímọ wà nínú ọjọ́ mẹ́jọ ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ọjà wà nínú ọjọ́ márùn-ún ọjà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Èmi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó síwájú ẹ̀rọ, bí ẹ̀rọ ni mo ń kà. Láti àárọ̀ àná rẹ̀ ló ti yẹ kí mọ́tò náà dúró. Àwọn ọmọ inú ẹyin ń wá ibi tí wọ́n máa gbórí sí, èmi ń dà wọ́n sọ́tùn-ún, mo ń dà wọ́n sósì.

Mo fi ìkánjú fa wáyà mọ́tò náà yọ. Sáfò tí kò ríná kì í di nǹkan mú mọ́, àwo náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ ni mo fi gbà á. Ìyá Ìfisìn wá igi méjì, a fi tì í lọ́tùn-ún lósì títí ó fi dúró ní ọ̀gbọọrọgba. Ó rọra gbá mi lẹ́yìn, ó ní kí n má sunkún sórí ẹyin. Ó lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé sì dákẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìró kékeré yẹn ló ń mú kí ilé yìí ṣeé gbé.

Òní ni ọjọ́ kejìlélógún. Òní náà ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi sì fẹ́ kí n wá ṣàlàyé. Mo pè é láàárọ̀, mo ní n kò lè wá, ẹyin ń pa lọ́wọ́. Ó rò pé mo ń ṣeré. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bẹ̀ yín. Ṣé ẹ gbọ́?

Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, mẹ́fà jáde. Ọrùn wọn híhó, wọ́n burẹ́wà, wọ́n dára. N kò tíì mọ̀ bóyá àkùkọ wà nínú wọn. Mẹ́fà kò mira rárá, mo gbé wọn sétí, kò sóhùn kankan. Ìkẹtàlá ló ká mi lára. Ibi ṣóńṣó ẹyin ló ti ń sọ èèpo, níbi tí kò sí atẹ́gùn. Ó ti gbórí síbi tí kò yẹ, èmi ni mo sì fà á. Ó ń ké nínú èèpo, igbe rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Mo ṣí ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ kò kọ nǹkan kan sí i. Mo rántí pé mo rí yín rí pẹ̀lú irú ẹyin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí mo ṣì kéré. Ẹ pè mí kí n wá wò ó. Mo ń ṣeré ní tèmi, n kò wá. Kí ni ẹ ṣe sí i? Ṣé ẹ fọ́ ọ ni, àbí ẹ fi í sílẹ̀?

N kò lè dúró mọ́. Mo fi èékánná bó èèpo náà, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rin awọ rẹ̀, mo ń bó o díẹ̀díẹ̀, mo ń dúró, mo tún ń bó o. Ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò lè gbórí sókè.

Ẹ má bínú sí bí lẹ́tà yìí ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ, ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ ọ́. Ìkejì wà nínú aṣọ mi, lórí àyà mi, ọmọ adìẹ náà ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n dá a padà sínú àpótí, mo mọ̀, ibẹ̀ móoru ju àyà mi lọ. Mo ti gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti fi í sílẹ̀, ó ń ké, bí mo bá gbé e, ó ń dákẹ́. Bàbá, láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò tíì sí ohun alààyè kan nínú ilé yìí tó mọ ìgbà tí mo bá jáde.

Ó ṣì ń mí.

Ọmọ yín ni, mo wà nílé.