Ẹ̀fọ́ Tẹ̀tẹ̀ Inú Ọkọ̀ Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti pa ìdajì irúgbìn tẹ̀tẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n má baà máa fi ìròyìn ilé yí i ká. Ìgò tí ẹ kó o sí pẹ̀lú eérú ṣì wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná, àmọ́ ohun tó kù nínú rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́. Kì í sì í ṣe irú èyí tí èèyàn lè rà. Láti ìlú Etikan ni ìyá yín ti dì í fún yín nígbà tí ẹ ń bọ̀ nílé ọkọ, ẹ sì ti ń gbìn ín láti ìgbà náà.

Ara wa le. Afárá pákó tó lọ sílé Ìyá Bọ̀dé aládùúgbò wa tún já, a sì ti kàn án. Èpò orí omi ti dé bó ṣe máa ń dé, ó bo odò láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Bí mo bá ń wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àgbẹ̀, àjẹ̀ mi a máa há sínú rẹ̀, màá sì pẹ́. Gbogbo ìlú ló ń ṣépè fún èpò yìí. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí inú yín ń dùn sí i.

Ilẹ̀ wa kò ju ẹrẹ̀ àti yanrìn lọ, ẹ sì fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ bàbá tó ń jò sórí igi lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹ fi agbọ̀n bu erùpẹ̀ láti ilẹ̀ gbígbẹ òkè wá sínú rẹ̀, ẹ wá ń sá èpò odò gbẹ, ẹ ń tẹ́ ẹ sábẹ́ erùpẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó ń hù níbẹ̀ a máa pupa, ewé rẹ̀ a sì fẹ̀ ju ọwọ́ mi lọ.

Mo lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì gbé ẹnu dé. Mo ṣàlàyé fún yín pé gbogbo ohun tó bá wà nínú omi ni gbòǹgbò èpò náà ń fà mu. Ó ń fa oúnjẹ tó ń mú ewé tóbi, ó sì ń fa epo ẹ́ńjìnnì àti ìdọ̀tí mọ́ ọn. Mo ní kí ẹ má lò ó mọ́. Ẹ ní, “Ọma mi, omi kan náà ni ẹja tó rán ọ nílé ìwé ń mu.” Ẹ ò tún bá mi jiyàn. Ẹ kàn jáwọ́.

Mo ra ajílẹ̀ oníhóró fún yín dípò rẹ̀. Òjò ńlá méjì péré, ó ti bá ihò ọkọ̀ ṣàn lọ sínú omi. Tẹ̀tẹ̀ yín tín-ín-rín, ewé rẹ̀ pọ́n bí ewé gbígbó tó fẹ́ já. Èpò odò tó wà lábẹ́ ilé orí òpó wa ló wá sanra, gbòǹgbò rẹ̀ sì kúrú torí pé kò wá oúnjẹ jìnnà mọ́. Owó oṣù mi ni mo fi bọ́ èpò. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sílẹ̀.

Mo fi ẹ̀rín yẹn tu ara mi nínú. Àmọ́ láti ọjọ́ náà títí ẹ fi kú, ẹ̀fọ́ tí ọkọ̀ ń gbé wá láti òkè ni ẹ ń rà, tó ti rọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé inú bí yín? Àbí ẹ kàn gbà fún mi torí pé mo kàwé?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, lẹ́yìn ikú yín, mo ní kí n tún un ṣe bí ẹ ti ń ṣe é. Omi òkun ti wọ inú odò, èpò ti kú, ó sì léfòó wá sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wa. N kò tilẹ̀ wọ ọkọ̀ kí n tó rí i kó. Mo sá a, mo tẹ́ ẹ, mo sì gbin ìdajì irúgbìn yín. Ó hù lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹjọ, etí ewé rẹ̀ ti jó. Kò pẹ́ tí kò fi ku ẹyọ kan.

Mo rò pé epo ni, inú mi tilẹ̀ fẹ́ dùn pé mo jàre. Ó tì mí lójú láti kọ ọ́ sí yín, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyá Bọ̀dé ló wá fi ìka bu erùpẹ̀ náà lá, ó tutọ́ dànù, ó ní kí èmi náà tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo kó èpò, ó wá sọ fún mi pé ẹ kì í kó ẹyọ kan àfi tí òjò bá ti lé omi òkun padà, àti pé ẹ máa ń ti ìka bọ odò, ẹ ó lá a, kí ẹ tó na ọwọ́ sí i. Mo rí yín tí ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Àdúrà ni mo pè é. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí gbòǹgbò ń fà, n kò bi ara mi pé kí ni èpò tí iyọ̀ pa ti mu kó tó kú.

Nígbà tí òjò dé, mo jẹ́ kó fọ erùpẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo tọ́ omi wò, mo kó èpò tútù, mo sì gbin ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú. Ó hù, ó pupa. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jẹ́ ká fi jẹ púpurù, mo kọ̀, mo dúró títí ó fi so. Ní ti epo inú omi, mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ṣì í sọ. Ó wà níbẹ̀, ojú mi ń rí i.

Lánàá mo gbọn irúgbìn náà, mo pín in, mo gbé apá kan fún Ìyá Bọ̀dé, kí àṣìṣe mi má baà lè run ún mọ́. Mo já ewé tó ṣẹ́kù, mo sè é. Ó ti le díẹ̀, àmọ́ ó dùn. Ẹ̀fọ́ ọkọ̀ yín ni mo jẹ yó, ẹ̀yin tí mo fi í dù kò sì sí níbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.