Òkú Inú Ìwé Yín Kò Tíì Wọ Káà Ilẹ̀

Fìyìnfólúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ láti Ẹ̀sìẹ́. Bí òtútù bá mú ní Èkó, kí Olúwa ṣe aṣọ rẹ; bí oòrùn bá mú, kí Ó ṣe ibòòji rẹ. Ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ni kò gbọ́ràn. Ọyẹ́ ti dé, ó bolẹ̀ bí èéfín; láàárọ̀, n kò lè rí ilé Jàrátù aránṣọ tí ó kọjú sí tiwa títí oòrùn yóò fi là.

Mo ti ka ìwé ìtàn adẹ́rùbani tí ìwọ àti Aminullah, ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo, jọ kọ. Mo kà á tán. Gírámà rẹ̀ gún régé. Ẹ̀rọ ìlọta tí ń lọ ènìyàn nínú ọjà kò bà mí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni orí tí ẹ ń gé kiri. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́ ni mo ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ wo ère òkúta ìlú wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orí mọ́, síbẹ̀ wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹ̀yin méjèèjì pa odidi ìlú, ẹ kò sì sin ẹnì kan. Ti Aminullah yà mí lẹ́nu jù. Mùsùlùmí ni àwọn ènìyàn rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí òkú sun ilẹ̀ mọ́jú, òun náà ni ó wá fi òkú sílẹ̀ títí ìwé fi parí.

Jàrátù ka ohun tí àwọn òǹkàwé ń sọ nínú fóònù fún mi. Obìnrin kan ní òun kò rí oorun sùn mọ́. Ọkùnrin kan ní òun bì, òun nu ẹnu, òun sì tún padà kà á. Ẹnì kan bú yín, ó fún yín ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Má ṣe bọkàn jẹ́. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo náà ni ó mú àwọn amòye dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Jàrátù fúnra rẹ̀ ka díẹ̀, láti ìgbà náà ni kò ti gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ó ní ọlọ ìyá òun kì í ya wèrè.

Mo mọ ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, oorun gbé mi lọ lórí àga ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ará inú ìwé yín wọlé. Wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi kajú, àwọn mìíràn gbé orí wọn lé itan bí ẹni gbé igbá. Ewé ń já lé wọn, wọn kò gbọ̀n ọ́n nù. Ìyá onírú, tí ẹ̀rọ yín lọ kúnná, pè mí ní Títíṣà, ó sì bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ilé ti wà fún àwọn. Mo bu omi fún un. Nígbà tí mo jí, oòrùn ṣì wà níbi tí mo fi í sí.

Nítorí náà, mo ní kí Jàrátù bá mi kọ ọ́ sí àwọn òǹkàwé nínú fóònù, pé ìyá òǹkọ̀wé ni mí, kí wọ́n mú sùúrù, a ó sin àwọn òkú náà. Ìdáhùn wọn pọ̀. Ẹnì kan láti Ìbàdàn bèèrè ọjọ́. Òmíràn ní òun yóò gbé àga òun wá. Ẹni tí ó fún yín ní ìràwọ̀ kan bèèrè bóyá oúnjẹ yóò wà. Jàrátù ní ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Mo ní a kì í fi òkú ṣe ẹ̀fẹ̀, mo sì dáhùn pé yóò wà.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí. Ẹ kọ ìsìnkú wọn. Bí ara kò bá ṣẹ́ kù, irun àti èékánná tó. Òun ni àwọn baba wa fi ń sin ẹni tí ó kú sí ìdálẹ̀. Ẹ sin àwọn ọ̀dọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá onírú ti dàgbà, àkàrà tọ́ sí i: fi owó ẹ̀wà àti òróró rán awakọ̀ Òmù-Àrán sí mi. Má fi í sínú fóònù Jàrátù. Ó ní owó máa ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Ìsìnkú ìyá onírú, kọ ọ́ fúnra rẹ. Má gbé e fún Aminullah. Ìwọ nìkan ni mo bí. Mo ti ka bí ọmọ mi ṣe ń pa ìyá arúgbó. Ó mọ̀ ọ́n kọ, n kò lè purọ́. N kò tíì ka bí yóò ṣe sin ín. Mo fẹ́ kà á kí ojú mi tó ṣú.

Kí Olúwa fún ọ ní ẹ̀mí tí ó gùn ju tèmi lọ, kí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni yóò kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí mi lára.

Èmi ìyá rẹ,
Janet