Fídíò Iléyá Tó Ń Gbọ̀n

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Àlàáfíà,
Dópẹ̀mú, Agége,
Èkó.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Àrínọlá mi, ìyá Muhydeen,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Muhydeen ńkọ́, ṣé eékún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gbádùn? Ìyàwó tuntun tí Muhydeen gbé wọlé ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mọlé? Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ pé ayọ̀ ni ìwé yìí bá yín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bí o bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ń wọ́ kiri bí ekòló, má bínú, rọra máa kà á. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà ni mo fẹ́ sọ.

O rántí pé Afeez àti àbúrò rẹ̀ Shuaib kò bára wọn sọ̀rọ̀. Afeez ló mú Shuaib wọ ilé iṣẹ́ oníke tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ọmọ yẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan láìdágbére, ni ọ̀gá bá na Afeez lẹ́gba ọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á wá bàtà rẹ̀. Èmi ni wọ́n ń rán síra wọn. Bàbá wọn kò sì sí mọ́. Mo máa ń rò ó pé bí èmi náà bá lọ, ta ni yóò máa jẹ́ iṣẹ́ wọn fún wọn?

Ìdí nìyẹn tí mo fi takú pé gbogbo wa la máa lọ ṣe Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ká sì lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Fàúsát, ọmọbìnrin mi, gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, Afeez náà gbà á tipátipá. Mo ní èmi ni màá ya fídíò rẹ̀. Fàúsát fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi, mo kọ̀. Bí òun bá ń yà á, òun kò ní sí nínú rẹ̀, ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì fẹ́ rí pa pọ̀.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀, àní ìwọ pàápàá. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n láti ìgbà ọyẹ́. Mo ń fi pa mọ́ fún àwọn ọmọ. Mi ò gbé oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́ mọ́, orí tábìlì ni mò ń gbé e sí kí wọ́n wá mú un. Òsì ni mo fi ń di fóònù mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé agbo ilé, Bàbá Dàwódù, olórí ẹbí ọkọ mi, wá dúró sáàárín àwọn ọmọ mi kí n ya àwọn náà. Àrínọlá, ta ni yóò na ọwọ́ òsì sí irú ojú bẹ́ẹ̀? Mo ti òsì bọ abẹ́ ìborùn, mo fi ọ̀tún gbé fóònù sókè.

Bàbá dúró gbagidi bí ẹni tó wà lọ́dọ̀ onífọ́tò, wọn ò ṣẹ́jú. Mo ní, "Bàbá, ẹ lè mira o, fídíò ni." Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé kó tó yà ni ká mira ni, àbí tó bá yà tán?" Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀tún náà ni mo fi ya àwọn ọmọ nídìí àgbàdo sísun, Afeez lápá kan, Shuaib lápá kejì, Fàúsát láàárín wọn bí ẹyin inú búrẹ́dì Agége. Mo yà wọ́n nídìí sàréè bàbá wọn. Inú mi dùn pé mo ti rí nǹkan mú dání.

Lọ́jọ́ tí a padà dé, Shuaib so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. A jókòó. Fídíò náà ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi ń gbọ̀n, ilé ń gbọ̀n, Bàbá Dàwódù tí kò mira ń gbọ̀n. Mo ní bóyá fóònù ló bàjẹ́. Fàúsát wo ọwọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́.

Ni Afeez bá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá, Bùọ̀dá. Mo kàn ń rí i pé wọn kì í na nǹkan sí mi mọ́. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bínú sí."

"Èmi náà rò pé èmi ni."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bára wọn sọ láti èṣí nìyẹn. Shuaib wá ní nǹkan kan wà lórí fóònù tí òun lè fi mú fídíò náà dúró, kò ní gbọ̀n mọ́. Afeez ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá wa ló yà á."

Lọ́la, àwọn méjèèjì ń mú mi lọ rí dókítà. Wọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀nà tí a máa gbà, mo jókòó tì wọ́n, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Mi ò mọ ohun tí dókítà máa sọ. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Tèmi nìkan ni mo ti ń fẹ́ fi ṣe méjèèjì. Fi mí sínú àdúrà.

Bá mi kí Bàbá Muhydeen àti gbogbo ilé. Sọ fún ìyàwó pé mò ń bọ̀ wá jẹ àlejò rẹ̀.

O rántí pé èmi ni tíṣà máa ń pè wá kọ̀wé sójú pátákó, nítorí ọwọ́ mi gún régé. Fàúsát ní kí òun bá mi da lẹ́tà yìí kọ kó lè mọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Àrínọlá yóò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́.

Tìrẹ láti orí bẹ́ńṣì kan náà,
Sọ̀fíyàt, ìyá Afeez.