Ẹsẹ̀ Ọ̀kadà Lára Ògiri

Ọjọ́bọ̀, Aràròmí

Omi òkun tún wọ gáréèjì wa lánàá. Àwọn ẹsẹ̀ tí Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, yọ lára àwọn ọ̀kadà rẹ̀ àtijọ́, tó tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ti ń dípẹtà. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ ni kò ti gun ọ̀kadà mọ́. Mo fẹ́ kó wọn fún àwọn tó ń ra irin, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, ọkàn mi kò gbà á.

Mo fi epo nù wọ́n. Mo gbá àwọn ọ̀pá irin wọ ara ògiri, mo sì fi ihò àárín àwọn ẹsẹ̀ náà kọ́ wọn sí i. Ó jókòó sórí àga, ó ń darí mi.

"Ìyá Tóyìn, gbé èyí sísàlẹ̀ díẹ̀. Òun ló gbé wa lọ sí Igbókòdá lọ́jọ́ tí o bí Tóyìn."

"Mo rántí. Mo di ẹ̀wù yín mú títí ó fi ya."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí kò lè gbé ṣíbí, ó sì fi ti ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ ọ̀kadà náà yí.

"Ẹ tún tì í!"

Ó tún tì í.

Bí omi bá tún wá ńkọ́... Ẹja alẹ́ tí mo gbàgbé sórí iná jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.