Wọ́n Ń Pè Yín Ní Bàbá Sìkírá

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ ò mú mi lọ sígbó rí,

Mo ti dé igbó yín, níbi tí ẹ ti ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹranko. Mo lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nínú òjò, ní àsìkò tí ẹ máa ń sọ pé ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í lọ síbẹ̀. Àdá yín ni mo lọ gbà.

Ìgbà tí a ṣe fídáù ogójì ọjọ́ yín tán ni mo tó rí i pé àdá ọ̀hún ò sí nílé. Fìlà yín wà, bàtà yín wà, rédíò tí ẹ fi okùn so ní ẹ̀yìn wà. Àdá tí ẹ máa ń mú lọ síbi iṣẹ́ ni mi ò rí. Èmi nìkan lẹ bí, ta ló tún yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo wọ mọ́tò ní Ìsẹ́yìn, mo sọ̀ ní Tẹ̀dé, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí ẹrẹ̀ gbé táyà mì, ọlọ́kadà ní òun ò lọ mọ́, mo bá fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù dé ẹnu géètì.

Kò sí àlejò kankan níbẹ̀. Àwọn tó máa ń wá wo ẹranko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó ń bá yín ya fọ́tò tí ẹ ń kó wálé wá fi hàn mí, kò sí ẹyọ kan nínú wọn. Mo kórìíra àwọn fọ́tò yẹn, ẹ ò mọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ a so mọ́ yín lápá, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀nba ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà lábẹ́ páànù, wọ́n ń sun àgbàdo. Mo kí wọn, mo dárúkọ yín, mo ní ọmọ yín ni mí. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Háà, Bàbá Sìkírá."

Bàbá, ẹ tiẹ̀ wò ó. Nílé, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ, ìyá mi ò pè yín ní nǹkan mìíràn. Ìgbà wo lẹ wá di bàbá Sìkírá?

Sìkírá fúnra rẹ̀ bá jáde. Obìnrin ni, mo lè fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, ó wọ káákì àti bàtà òjò. Àdá yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, torí èmi ni mo di rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ èèkù rẹ̀ fún yín nígbà tí mo wà ní pírámárì. Nígbà tó gbọ́ ẹni tí mo jẹ́, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n òun. Mi ò fà á dìde. Ẹ̀gbọ́n ta ni?

Ó ní nígbà tí wọ́n gba òun síṣẹ́, àwọn ọkùnrin ò fẹ́ bá òun rìn, ẹ̀yin nìkan lẹ ní kó máa tẹ̀ lé yín. Ibi tí ẹ bá wà, òun náà á wà níbẹ̀. Àwọn tó kù bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí orúkọ náà fi mọ́ yín lára.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́wàá? Mo kó aṣọ mi sínú báàgì iléèwé, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti ìdájí kí ẹ lè mú mi dání. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tí ẹ dé, ẹ ní igbó kì í ṣe ibi obìnrin. Ó dáa, Sìkírá wá ń kọ́? Ọkùnrin ni?

Mo ní àdá ni mo wá gbà. Ó ní òun á fún mi, ṣùgbọ́n kí òun kọ́kọ́ fi ibi tí ẹ máa ń jókòó sí hàn mí lódìkejì odò, torí koríko ti ga ju èèyàn lọ, a nílò àdá lọ́nà. Ó ṣíwájú, ó ń ṣán koríko. Ó ń gbé ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi tiyín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú ẹsẹ̀ ẹtu hàn mí, ó ní kò tíì pẹ́ tó kọjá, torí omi ò tíì kún un. Ohùn yín ló fi ń sọ ọ́. Bàbá, ó ṣe mí bíi kí n tì í sínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní "Òrìṣà jẹ́ ká pé méjì" obìnrin kò dénú. Orogún ni wọ́n ń bá wí, àmọ́ ó bá ọmọ náà wí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àìsàn yín. Ó ti mọ̀ pé àyà ń dùn yín kí àwa tó mọ̀. Òun ló ń gbé omi gbígbóná fún yín láàárọ̀. Èmi tí mo ni bàbá, orí fóònù ni mo ti ń bi yín bóyá ara le, ẹ ó ní ó le. Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún un tí ẹ ò sọ fún mi?

Bí a ṣe dé odò, ó ti kún dé itan. Sìkírá ní kí n dúró. Ó fi ẹ̀yìn àdá lu ojú omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ̀ ba, ó sì pe oríkì mi.

Oríkì mi, Bàbá. Láti ìgbà tí ìyá yín ti kú, ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè é. Ó tiẹ̀ fa ìparí rẹ̀ gùn bí ẹ ṣe máa ń fà á tí mi ò bá tètè jí kírun àsùbáà. Mo bi í léèrè pé kí ló sọ. Ó ní orúkọ ẹni tó ni odò ni, pé ẹ kì í bọ́ sínú omi òjò láìpè é, ẹ sì kọ́ òun. Ó ní láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ òun ò yọ̀ rí.

Ẹ kò sọ òdodo fún un. Bàbá àgbà tó jẹ́ ọdẹ ti sọ ọ́ fún mi ní Ìgbòho nígbà tí mo wà ní kékeré: bí ọdẹ bá fẹ́ la odò tó kún, ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé ló ń pè, kí omi lè mọ̀ pé ẹni yìí gbọ́dọ̀ padà. Òjò mélòó lẹ ti pè mí, Bàbá? Kí ló ṣòro níbẹ̀ láti sọ fún mi?

Mo la ẹnu pé kí n sọ fún un pé èmi ni mo ni ín, kó má pè é mọ́. Ó ti wà nínú omi, ó na ọwọ́ sí mi. Mo di ọwọ́ náà mú. Nígbà tí mo ti rí ibi ìjókòó yín, tí a ń padà bọ̀, mo bi í pé ta ló ń retí rẹ̀ nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní adìyẹ òun ni.

Mo gba àdá yín. Ẹ má rò pé mo fi sílẹ̀ fún un, mi ò dáa tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án sí mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, mo sì gbà á. Ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn mi, mi ò fi ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ẹni tó ni orúkọ yẹn fún un. Inú ṣì ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú lápá Tẹ̀dé, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Mo ti wá ń retí ẹni tí mi ò fẹ́ràn.

Èmi ni,
ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, tó ń jowú yín títí di òní.