Àtẹ̀gùn Lójú Ọ̀run

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Kí n tó kọ ohunkóhun nípa òní, kí ìwé yìí kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Ìwé kẹta ni mo kà mọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi po ọ̀dà fún pẹ́ńtà, tí mò ń sùn lórí àpò sìmẹ́ńtì. Mo já lórí àkàbà, egungun ìhà méjì ṣẹ́. Kámẹ́rà mi àkọ́kọ́, olè gbé e. Èkejì, àgbàrá wọlé, ó mu omi yó. Alábàáṣiṣẹ́ mi kó kásẹ́ẹ̀tì mi sá lọ. Ta ló ṣì dúró? Èmi náà ni. Ilé fíìmù alájà méjì, orúkọ mi gàdàgbà lára ògiri.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Má-Tàn-Mí kò lè pa mí. Má-Tàn-Mí ni mo ń pe obìnrin tó ni àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ó gbé fíìmù kan fún wa yà, tí yóò máa hàn lára ògiri gbọ̀ngàn tuntun tí àwọn èrò rẹ̀ ti ń dúró de ọkọ̀. Ìdájí ló bẹ̀rẹ̀: oòrùn ń yọ lórí omi. Nígbà tó wò ó, ó ní ìlà wà lójú ọ̀run wa, ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn. "Bàbá, ojú ọ̀run kì í ní àtẹ̀gùn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún wa. Bí àtẹ̀gùn ò bá kúrò, iṣẹ́ di ti onífíìmù òdìkejì títì — ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́!

Mo ní tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo gbé fíìmù lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n. Márùn-ún ni wọ́n tàn. Àtẹ̀gùn lórí márààrún. Èyí tó tóbi jù ló burú jù. Wọ́n ní Bàbá, ẹ jókòó. N ò jókòó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ojú-Àṣá — àbíkẹ́yìn mi obìnrin, òun ló ń to fíìmù wa — ní ọ̀rọ̀ bíìtì ni. Ó kó òyìnbó dé. Mo ní kó gbé òyìnbó sílẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, bí mo bá fẹ́ kun ògiri kan láti búlúù tó kì títí dé funfun, kí ẹnikẹ́ni má rí ojú oríkèé, korobá mélòó ni n ó pò? Mo ní bí korobá bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe jọ̀lọ̀ tó. Ó ní, ó parí.

Bíìtì ló ń sọ iye korobá àwọ̀ tí kámẹ́rà ní. Bíìtì mẹ́jọ, bí fíìmù wa ṣe wà: korobá igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta fún pupa, iye kan náà fún àwọ̀ ewé, iye kan náà fún búlúù. Bíìtì mẹ́wàá: ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rìnlélógún. Ojú ọ̀run ìdájí sì rèé, díẹ̀ ló ń bù nínú wọn. Bóyá ọgbọ̀n korobá la fi kun ògiri tó fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Kí ìlà wá má hàn kẹ̀?

Ọdún mọ́kànlá nídìí ọ̀dà, kò ṣòfò. Ta ni ọ̀mọ̀wé?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo ní kí Ojú-Àṣá sọ fíìmù náà di bíìtì mẹ́wàá. Ó ṣe é. Àtẹ̀gùn ò mira. Ó ní bí a bá da ife omi kan sínú àgbá, ife omi kan náà ni. Ọmọ yìí àti ẹnu!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

A dán an wò. Ó fi bíìtì mẹ́wàá ya ògiri òkè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n ọ́fíìsì mi: ìlà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó gbé e sórí ti yàrá ìtòfíìmù: ó jọ̀lọ̀ bí ara ọmọ tuntun. Ẹ̀rín tán. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ gba mẹ́wàá, ohun tí a fi ń wò ó náà gbọ́dọ̀ gbà á. Ti Má-Tàn-Mí gbà á. Ojú-Àṣá ti bèèrè.

Ta ló wá fi kámẹ́rà sí mẹ́jọ? Ó ní mẹ́wàá lòun fi lé mi lọ́wọ́. Kò wò mí lójú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Èmi ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kí n kọ ọ́ tán. Ní èbúté, ní ìdájí ọjọ́ náà, kámẹ́rà ní àyè ń tán lọ nínú káàdì tó ń tọ́jú àwòrán. Ẹni tó ti sùn lórí àpò sìmẹ́ńtì kì í fi àyè ṣòfò. Mo tẹ̀ ẹ́ sí kékeré, sí mẹ́jọ. Àyè pọ̀ sí i, inú mi dùn. N ò sọ fún ẹnì kankan.

Mo sọ fún Ojú-Àṣá lónìí. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́: gbogbo èyí tí a yà ṣáájú ìdájí yẹn, mẹ́wàá ni. Mo ní kí ló dé tó dákẹ́.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò ṣàṣìṣe rí láyé. Mo ní kí n má bà á jẹ́ fún yín."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú-Àṣá ní òun lè bu nǹkan wínníwínní bí iyanrìn sójú ọ̀run náà, ìlà ò ní hàn sí ẹni tó bá jìnnà. Ó ṣe é, mo rí i. Ó bò ó — ká má parọ́. Má-Tàn-Mí alára rí i, ó ní òun lè gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ̀. Ògiri tó là, tí o fi ọ̀dà bò, yóò tún là. Mo sì sọ fún Má-Tàn-Mí pé èmi ni mo tẹ kámẹ́rà. Ó ní tẹlifíṣọ̀n òun kí mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Lọ́túnla, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí oòrùn tó yọ, a ó padà sí èbúté lọ tún ìdájí yà. Bí ìkùukùu bá bò ó, a ó tún lọ ní Ọjọ́rú. Káàdì mẹ́fà. Ojú-Àṣá ni yóò di kámẹ́rà mú, òun nìkan ni yóò tẹ ohunkóhun lára rẹ̀. Èmi ni n ó gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà, bí mo ṣe gbé e nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti gbé e kalẹ̀, n ó káwọ́ mi sẹ́yìn. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbé tó mi.