Ẹ Má Fi Ará Àdúgbò Ṣe Ògbufọ̀ fún Aláìsàn Sífílíìsì

Ilé Kejìlá,
Òpópónà Ashlow,
Peckham, London.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé-ìwòsàn Marlpit,
Peckham, London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ YÍYAN ÒGBUFỌ̀ ÀTI ỌJỌ́ ÌṢẸ́GUN TÍ Ẹ FAGI LÉ

1. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe ògbufọ̀ Yorùbá ní ilé-ìwòsàn yín. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Ipò méjèèjì yìí ló bí ẹ̀sùn tí mo mú wá, mo sì ní ìpín tèmi nínú rẹ̀.

2. Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ẹ pè mí láti wá túmọ̀ fún aláboyún kan. Ẹ kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ẹ kò sì sọ tèmi fún un. Nígbà tí mo wọlé, Hameedah ni mo bá níbẹ̀, ẹni tí a jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló gbé e wá. Ó ní, "Aunty, ẹ bá mi sọ fún wọn pé orí ló kàn ń fọ́ mi." Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní kó lọ rí dókítà àdúgbò rẹ̀, ó sì lọ.

3. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìlú Leeds ni Roqeeb, ọkọ rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ láti oṣù mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Wọ́n rí sífílíìsì, àrùn tí èèyàn ń kó nípa ìbálòpọ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀; ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sunkún, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó lọ ṣàyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tí Hameedah ṣe nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró kò fi nǹkan kan hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá àyè lọ́dọ̀ yín, nítorí ẹ ti fagi lé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí èèyàn lè wá láìgba àyè sílẹ̀, ó sì di orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tó rí mi, kò tún padà wá.

4. Oṣù Kejìlá ló bí Rahmah. Inú ọmọ náà wú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń bó. Wọ́n rí àrùn náà lára rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n sì fi gún un lábẹ́rẹ́. Ó yè, ó sì ń mu ọmú dáadáa. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ká ní ìyá rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọ má jìyà yẹn rárá.

5. Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo bi Hameedah ìdí tó fi purọ́ fún mi. Ó ní, "Aunty, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nípàdé pé oníṣekúṣe ló ń ní i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú yín?" Òótọ́ ni. Mo sọ ọ́. Mo ti dúró níwájú ẹgbẹ́ láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, mo sì ti yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn ògbufọ̀ yín.

6. Mo wá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa lo ògbufọ̀ orí fóònù láti ìlú mìíràn, kí ẹ sì máa bi aláìsàn bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun padà. Ẹ rán nọ́ọ̀sì sí wa ní mọ́sáláṣí, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí a lè gbọ́ òótọ́ nípa àrùn yìí.

7. Mo ka lẹ́tà yìí fún Hameedah àti Roqeeb kí n tó fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ fi orúkọ wọn pamọ́, wọ́n kọ̀. Hameedah gba bírò lọ́wọ́ mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Sherifat Abídogun,
Ògbufọ̀ tẹ́lẹ̀.

Hameedah Adékàǹbí,
Ìyá Rahmah.